Ilẹ̀ Carine àti Olè Tó Mọ Èèyàn Í Kí

                                                  Ilé Ọládélé,
                                                  Ọ̀nà Idigny,
                                                  Kétu, Benin.
                                                  Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Marguerite, ẹni ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìfojúkànra. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Parakou? Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu díẹ̀? Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ẹ ní àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ti di òkè ńlá lójú yín. Kí Ọlọ́run sọ ọ́ di ilẹ̀ tẹ́jú. Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ìkókó tuntun tí a kò tíì fojú rí? Níhìn-ín, ara gbogbo wa le. Òjò kejì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àgbàdo ti ga kọjá orúnkún, ilẹ̀ pupa sì lẹ̀ mọ́ bàtà gbogbo èèyàn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti wọlé, wọ́n pọ̀ bí eṣú, àga kò ká wọn. Ìyàwó mi ní kí n bi yín bóyá gàrí tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn kan tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fẹ́ràn.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Sandrine, ọmọ ará ilé wa tó ń ṣe olùkọ́ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ń padà lọ lọ́la, ó sì ti ṣèlérí pé ọwọ́ yín gan-an ni òun yóò fi í lé. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ ilẹ̀ ọ̀nà Okpomẹta tí a tà fún Arnaud, ọkọ Carine àbúrò wa. Bí Bàbá Kékeré Barnabé kò bá tíì pè yín, wọn yóò pè yín láìpẹ́. Wọn yóò ní kí ẹ gbà pé kí a gba ilẹ̀ náà padà, kí a sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó dá wọn lóhùn.

Ẹ mọ ibi tí nǹkan dé nígbà tí ẹ wá sílé. Arnaud ní bí òun tilẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Pobè, òun fẹ́ kọ́lé fún Carine àti àwọn ọmọ nítòsí ilé bàbá rẹ̀. Inú Bàbá wa Ọládélé dùn dé àyà pé ọmọ wọn obìnrin ń padà bọ̀ nítòsí. A rin ààlà ilẹ̀ náà pẹ̀lú àwọn tí oko wọn yí i ká, a gbin pérégùn sí igun rẹ̀, Arnaud sì fi ìdajì owó lé Bàbá lọ́wọ́ lójú gbogbo wa. Bí ìdajì tó kù bá ti wọlé ni Bàbá, Bàbá Kékeré Barnabé àti ẹ̀yin, tí ẹ jẹ́ àgbà ọmọ bàbá wa, yóò tọwọ́ bọ̀wé ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Ohun kan ni a kò ṣe. Ẹ mọ̀ pé láyé àwọn tó bí wa, àna kì í dá bá àna sọ̀rọ̀ owó tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Alárinà tó so ìgbéyàwó ni í máa lọ, tí í máa bọ̀, títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Ìyá Fàsílátù ti Idigny ló so Carine pọ̀ mọ́ Arnaud, àwọn náà ló sì yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí. Bàbá Kékeré Barnabé ló ní ìyá náà ti darúgbó, pé gbogbo ìgbà tí a bá nílò wọn ni a óò máa san owó sẹ́míjàn tí yóò gbé wọn wá lórí alùpùpù láti Idigny. Wọ́n ní kí ni fóònù wà fún? Báyìí ni Bàbá àti Arnaud ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ ọ́ lórí Wasáàpù. A mú alárinà kúrò láàárín wọn, ṣùgbọ́n a kò mú ìtìjú àna kúrò. Àlàfo yẹn gan-an ni olè gbà wọlé.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ẹnì kan pe Bàbá ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n jókòó sábẹ́ ìbòòji ẹ̀yìn ilé. Ó kọ́kọ́ kí wọn. Ó kí wọn kú òjò, ó kí wọn kú oko, ó kí wọn kú àgbàdo tó ń yọ, ó béèrè ara gbogbo ilé, ó ní orí ìkúnlẹ̀ ni òun wà bí òun ti ń sọ̀rọ̀ yìí, nítorí a kì í nàró bá bàbá ẹni sọ̀rọ̀. Èdè Kétu pọ́ńbélé ló ń sọ. Lẹ́yìn èyí ló ní ilé iṣẹ́ tó ni ọ̀rọ̀ fóònù ló rán òun, pé àwọn olè ti ń wọ fóònù àwọn àgbàlagbà, ilé iṣẹ́ náà sì fẹ́ ti ilẹ̀kùn ti Bàbá pa. Ó ní àwọn nọ́ńbà kan yóò wọlé báyìí, kí Bàbá jọ̀ọ́ kà á fún òun. Bàbá kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ka àpò àgbàdo láti ìgbà èwe mọ nọ́ńbà. Wọ́n kà á fún un. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni Wasáàpù Bàbá ti di ti ẹlòmíràn, orúkọ wọn àti àwòrán wọn sì wà lórí rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú fìlà tí ẹ rà fún wọn.

Lọ́jọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sọ́dọ̀ Arnaud láti orí nọ́ńbà Bàbá. Mo kà á fúnra mi. Ó lọ báyìí: "Àna mi àtàtà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn aláìsàn. Ẹ má gbé ìyókù yẹn wá sílé mọ́, ojú ti pọ̀ jù nínú ilé yìí. Nọ́ńbà ọmọ tó ń bá wa ṣe ìwé ní mẹ́rì nìyí, ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ẹ má pè mí, àárín àwọn àgbà ni mo wà. Ohun tí àna bá sọ fún àna, a kì í bi í lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ó ṣe mí bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ẹran tó ti rà. Àwọn ìwé tí mo ti kà nípa olè orí ẹ̀rọ máa ń sọ pé àjèjì ni, ẹni tó jókòó sí orílẹ̀-èdè òkèèrè níwájú ẹ̀rọ, tí kò mọ̀ wá, tí a kò mọ̀. Irọ́ ni, ó kéré tán nínú ọ̀rọ̀ tiwa. Ẹni yìí mọ ohun tó ń pa àna lẹ́nu mọ́. Ẹnì kan ló bí i ní tòsí wa níhìn-ín, ó kọ́ ọ bí a ti ń kúnlẹ̀, ó sì kọ́ ọ bí a ti ń kí àgbà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Arnaud san owó náà. Ó sọ fún mi pé ó kọ òun lóminú, nítorí Bàbá kì í kọ̀wé, ohùn ni wọ́n máa ń gbà ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ló bá wọn kọ ọ́, ó sì pè mí ní ẹ̀gbọ́n ní èdè wọn, ó bi mí pé, "Fòfó, ta ni mo jẹ́ tí màá fi pe bàbá ìyàwó mi, tí màá ní ṣé ẹ̀yin ni lóòótọ́?" Bí ó bá ti pè wọ́n, gbogbo wa ì bá sọ pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Èyí tó wá tẹ̀ lé e, bí kò bá ṣe pé ó bà mí nínú jẹ́, ǹ bá fi rẹ́rìn-ín. Arnaud wá sílé ní ọjọ́ Àìkú láti kí Bàbá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó. Ó ń retí kí Bàbá dúpẹ́ owó. Bàbá ń retí kí Arnaud mú owó jáde. Kò sí ẹni tó lè béèrè. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ iṣu, wọ́n jẹun tán, Arnaud dìde, Bàbá sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwọn méjèèjì ń bínú síra wọn nínú. Ìgbà tí Carine fúnra rẹ̀ bi ìyá rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí Bàbá kò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ òun ni àṣírí tú. Owó ti kúrò lórí nọ́ńbà yẹn tipẹ́. Àwọn ọlọ́pàá gba ẹjọ́ wa sílẹ̀. Wọ́n ní orúkọ ìyá arúgbó kan tí kò mọ nǹkan kan ni wọ́n fi forúkọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, àti pé iṣẹ́ àwọn gáímàn ni, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù jalè. Èyí a ti mọ̀.

Ibi tí olè náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò tún jìnnà. Ẹ rántí ẹgbẹ́ orí Wasáàpù tí a dá sílẹ̀ nígbà ìsìnkú Màmá Àgbà, tí a ń pín ọ̀nà àtiwọlé rẹ̀ kiri bí ẹní ń pín ẹ̀pà. A kò tú u ká. Ibẹ̀ ni a gbé àwòrán ààlà sí, ibẹ̀ ni Bàbá Kékeré Barnabé kọ ọ́ sí pé àna wa fẹ́ san ìyókù ní ìparí oṣù. Nígbà tí mo jókòó wo orúkọ inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rí àwọn nọ́ńbà tí kò sẹ́ni tó mọ olówó wọn nínú ilé. Àárín yàrá wa ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń gbọ́ wa, a kò tilẹ̀ bi wọ́n pé ọmọ ta ni yín.

Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe olè yẹn ló kó mi nírìíra jù. Olè ò ṣe ju iṣẹ́ olè lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú, Bàbá pe èmi àti Bàbá Kékeré Barnabé sí yàrá, wọ́n sì sọ fún wa pé àwọn ló ka nọ́ńbà fún ẹni tó pè. Ojú ń tì wọ́n, wọn kò lè gbé orí sókè. Mo rò pé Bàbá Kékeré yóò tu ẹ̀gbọ́n wọn nínú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí Bàbá gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Wọ́n ní bí Arnaud bá gbọ́ pé láti ọwọ́ wa ni ilẹ̀kùn ti ṣí, àwa la pàdánù owó náà. Bí kò bá gbọ́, òun ló pàdánù rẹ̀, ilẹ̀ sì tún di tiwa. Ẹnì kan ti wá láti Kútọnu, ó ń wá ilẹ̀ ní ọ̀nà Okpomẹta, owó tó sì pè ju ti Arnaud lọ. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní bí wọ́n bá bi mí, kí n sọ pé fóònù Bàbá kò kúrò lápò wọn rí. Wọ́n ní èmi ni mo kàwé, pé bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò gbà á gbọ́.

N kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, n kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo jáde.

Nígbà tí ẹbí jókòó, Bàbá Kékeré ló sọ̀rọ̀ ju gbogbo èèyàn lọ. Wọ́n ní ẹnu ni a fi ń ta ilẹ̀ ní Kétu, kì í ṣe fóònù. Ẹni tó bá kó owó rẹ̀ fún fóònù, kí ó lọ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ fóònù. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ń ronú pé orí fóònù kan náà ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ti pín oko Màmá Àgbà fún wa, tí wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn fi àtàǹpàkò sí i. Wọ́n fẹ́ kí Arnaud, tó jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn, dìde máa lọ. Carine kò sí níbẹ̀. A rò pé ó ń sunkún nínú ilé ni. Àṣé ó ti gun alùpùpù lọ sí Idigny.

Ó mú Ìyá Fàsílátù wọlé, ẹrẹ̀ dé itan àwọn méjèèjì. Ìyá náà jókòó sí àárín Bàbá àti Arnaud, wọ́n nu ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wo Bàbá Kékeré.

"Barnabé, o ní mo ti darúgbó, pé fóònù yá ju ẹsẹ̀ mi lọ. Ó yá lóòótọ́. Ó ti gbé owó yín dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ò lè dé láéláé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín ní tọ̀tẹ̀ yìí. Wọ́n wá yíjú sí Arnaud, wọ́n ní kí ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i bí ara ọmọkùnrin náà ṣe wálẹ̀, bí ẹni tí a sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Bàbá wà níwájú rẹ̀, ó lè nawọ́ kàn wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá náà ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ bá mi bi Bàbá. Ǹjẹ́ ẹnì kankan pè wọ́n, tó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà fún òun?"

Ìyá Fàsílátù yíjú, wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún Bàbá láìfikún, láìyọkúrò. Bàbá Kékeré wúkọ́, wọ́n ní fóònù ẹ̀gbọ́n àwọn kò kúrò lápò rí.

Ìyá náà kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. "Ìwọ kọ́ ni wọ́n bi. Èmi kọ́ ni mo bá ọ fẹ́ ìyàwó tìẹ, ìdí nìyẹn tí ìyà fi ń jẹ ọ́."

Bàbá ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún. Mo ń wò wọ́n. N kò mọ ohun tí mo máa sọ bí wọ́n bá dákẹ́ títí di alẹ́, mo sì ń bẹ̀rù pé bóyá èmi náà á dákẹ́. Wọ́n wá sọ ọ́, ohùn wọn kò ga.

"Ẹ sọ fún àna mi pé èmi ni mo kà á fún un. Ẹ ní olè náà kí mi. Ó kí mi ju bí àwọn tí mo bí ti ń kí mi lọ."

Ìyá Fàsílátù fẹ́ tún un sọ fún Arnaud bí iṣẹ́ wọn ti rí, ṣùgbọ́n Arnaud ti dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ Bàbá pé kí wọ́n dákẹ́, ó tó. Carine ló kù lórí ìdúró. Ó bi gbogbo wa pé, "Tí mo bá padà dé Pobè, kí ni kí n pe ilé bàbá mi? Olè àkọ́kọ́ gbé owó ọkọ mi, ẹ̀yin fẹ́ gbé ilẹ̀ rẹ̀. Kí ni mo máa fi mọ ìyàtọ̀?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Bàbá ní ilẹ̀ ti tà, pé ìdajì tó sọnù, láti ọwọ́ àwọn ló ti sọnù. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré gbọn aṣọ wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ogbó ni ẹ̀gbọ́n àwọn ń sọ, àti pé Bàbá nìkan kọ́ ló nilẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin kò tíì sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbà pẹ̀lú wọn, ẹ di méjì sí ẹnì kan, ẹni Kútọnu yóò sì wá tọwọ́ bọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Báyìí ló ṣe jẹ́ pé ẹnu yín ni ilẹ̀ Carine wà. Àti ilé ọkọ rẹ̀ náà, tí ẹ bá bi mí, nítorí àwọn ará ilé Arnaud ti ń béèrè irú ilé tó ti lọ fẹ́yàwó.

Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo ń kọ fún ara mi lálaalẹ́ kò sì yanjú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé kí ilé wa má tún san owó ilẹ̀ kankan sórí nọ́ńbà tí a kò fi ojú rí olówó rẹ̀, kí a dá alárinà padà, kí a tú ẹgbẹ́ orí Wasáàpù yẹn ká. A ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kojú ni Bàbá Kékeré ti parọ́, ojú wọn kò sì ṣẹ́. Ọmọ mi kékeré ń kọ́ bí a ti ń dọ̀bálẹ̀ báyìí. Ní àárọ̀ àná ó dọ̀bálẹ̀ fún mi dáadáa, ó kí mi títí dé orí ẹran ọ̀sìn, inú mi sì kọ̀ ọ́ lójijì. Ìyẹn ni n kò lè dárí ji olè náà. Owó, a lè tún un rí. Ó ti mú kí n máa gbọ́ ìkíni ọmọ mi bí ẹni ń gbọ́ ẹsẹ̀ olè.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ má fi fóònù dá Bàbá Kékeré lóhùn, bó ti wù kí wọ́n kí yín tó. Ẹ sọ ohun tó wà lọ́kàn yín fún Sandrine lójúkojú, ẹ kọ ọ́ síwèé pẹ̀lú ọwọ́ ara yín, òun yóò sì mú un padà wá kí ẹni Kútọnu tó dé. N kò ní kí ẹ gba tèmi; ẹ̀yin ni àgbà. Ṣùgbọ́n bí fóònù yín bá dún láàárín ìgbà yìí, tí ẹ gbọ́ ohùn mi gan-an, tó ń kí yín kú orúnkún, tó ní Crépin ti yí ọkàn padà, kí ẹ gbà fún wọn, ẹ pa á. Èmi kọ́ ni. Bó bá sì jẹ́ èmi ni lóòótọ́, a jẹ́ pé wọ́n ti rí mi rà, ẹ má ṣe gbọ́ tèmi mọ́.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti gbogbo ọmọ. Ẹ bá mi gbé ìkókó náà sókè. Bàbá kí yín, wọn kò mọ̀ pé mo kọ̀wé yìí. Carine kí yín, ó ní kí n má sọ nǹkan míì ju pé òun kí yín.

Àbúrò yín tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn,

Crépin